Fìlà Bàbá Ògiri

Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Bàbá Ògiri ń kú lọ́wọ́. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé ni, ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko dúró níwájú dígí, tó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kó lè dà bíi pé ọwọ́ ọ̀hún kàn gbéra fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé e sókè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ gẹ́lẹ́, ó ní, "Mo ṣí ìpàtẹ yìí!" Ògiri tó ga tó èèyàn mẹ́ta lórí ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ sápá òsì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àwọn àga, bẹ́ẹ̀dì àti àtùpà olówó gegere tí wọ́n pàtẹ sódìkejì han gbogbo ayé. Bébà wínníwínní aláwọ̀ wúrà ń já bọ́ láti òkè àjà bí òjò. Orin ń dún, àwọn èèyàn ń hó yèè. Omi lé ròrò sójú Alága, torí kò tíì rí ẹni tó wú u lórí tó ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n fẹ́ ti ògiri náà padà fún ìpàdé mìíràn. Ògiri kọ̀, kò jáde. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo inú yàrá tóóró tí awẹ́ ògiri máa ń tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Bàbá Ògiri ló wà ní ìkángun yàrá náà, láàárín awẹ́ àkọ́kọ́ àti bíríkì, agolo epo kékeré ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sẹ́ni tó rí i kó sáré rí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, ibikíbi tó bá sì dé, àga ló máa ń kọ́kọ́ wá kó tó wá ọ̀daràn.

Lọ́jọ́ yẹn, ó rìn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn náà wà láàárín ọgbà ìgbafẹ́ kan tó tó ìlú kékeré. Òtẹ́ẹ̀lì alájà ogún wà lápá ọ̀tún, adágún omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ wà lápá òsì, pẹ̀lú iyanrìn tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti ibòmíràn kí àwọn olówó lè ríbi tẹ ẹsẹ̀ wọn sí. Gbọ̀ngàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ tóbi débi pé ẹyẹ tó bá ṣèèṣì wọ inú rẹ̀ á gbàgbé pé ojú ọ̀run wà níbì kan.

Ọ̀gá Gbọ̀ngàn, tó wọ táì pupa fòò, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ní kí wọ́n to òdòdó inú ìkòkò sí ẹnu yàrá ògiri, kí òkú má baà ba ojú ìpàtẹ jẹ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè tètè ṣe é? Àwọn àlejò ṣì ń rajà."

"Ta ló ń rajà nínú ilé òkú?"

"Wọn ò mọ̀ pé ilé òkú ni, Mà."

Jẹ́jẹ́ wo ojú rẹ̀ pẹ́. Bébà wúrà mẹ́ta wà nínú irun ọkùnrin náà, kò sì mọ̀.

Sájẹ́ǹtì tó ti ṣáájú rẹ̀ dé ń yọ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, torí ó ti mú ẹnì kan.

"Ọ̀rọ̀ ti tán, Mà. Àbúrò ẹ̀ ló pa á. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é. Òun ló tẹ bọ́tìnnì."

"Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni láti tẹ bọ́tìnnì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín, Mà."

Ó mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Àpótí irin kan wà lára ògiri níbẹ̀, bọ́tìnnì méjì lára rẹ̀, ọ̀kan láti ti ògiri, èkejì láti ṣí i. Lókè àpótí náà, wọ́n kan ìkọ́ irin kan mọ́ ògiri. Fìlà dúdú kan tó ti ṣá, tí epo ti mu etí rẹ̀, rọ̀ sórí ìkọ́ ọ̀hún, ó bo orí àpótí mọ́lẹ̀.

"Fìlà òkú nìyẹn," Sájẹ́ǹtì wí. "Òfin kan wà níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ yàrá ògiri, á fi fìlà ẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Tí fìlà bá ti wà níbẹ̀, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bàbá náà fúnra ẹ̀ ló gbé òfin yẹn kalẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún."

"Kò sí nínú ìwé," Ọ̀gá Gbọ̀ngàn sáré fi kún un. "A ní ìwé òfin ààbò tiwa, ó nípọn tó ìrọ̀rí."

"Ṣé wọ́n ń kà á?"

Ọ̀gá Gbọ̀ngàn tún táì rẹ̀ ṣe. "Fìlà ni wọ́n ń kà, Mà."

"Ẹ ò rí i, Mà?" ni Sájẹ́ǹtì wí. "Fìlà wà níbẹ̀, ó rí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n sì ti jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú gbogbo èèyàn."

"Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní kò sí fìlà níbẹ̀." Sájẹ́ǹtì nawọ́ sí ìkọ́. "Ẹ wá wò ó, ó ń wò wá báyìí."

*

Kí Jẹ́jẹ́ tó ríbi jókòó ni obìnrin kan ti la àárín àwọn tó ń wo bẹ́ẹ̀dì kọjá, gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká, bàtà rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Kò sunkún. Ó dúró níwájú Jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá gba èsì.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀?"

"Mo máa ń gbìyànjú, Màmá. Ẹ kú àjálù. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ọmọ ọdún méje ni Adúmáadán nígbà tí mo wọ ilé wọn. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fún un lórúkọ tí gbogbo wọn ń pè é yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò bímọ. Òun ni ọmọ, òun náà ni àbúrò." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ọkọ̀ mọ́ṣúárì ń bọ̀ ní aago márùn-ún. Wọ́n ní kí n mú ẹbí kan wá tí á bá mi gbé e. Òun nìkan ni mo ní. Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ mi. Tí kò bá sì mọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde. Ẹ sọ ọ̀kan fún mi kí aago márùn-ún tó lù."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

"Kí ni wọ́n jà lé lórí, Màmá?"

"Ọkọ mi fẹ́ fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Adúmáadán rò pé òun ló máa gba ipò ẹ̀. Ọkọ mi lọ bá ọ̀gá wọn, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì."

"Kò fọkàn tán an ni?"

Obìnrin náà mi orí. "Ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, 'Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà lẹ́yìn ògiri. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, ọ̀kan ò mojú mi. Mi ò fẹ́ kí ti ọmọ yìí náà rí bẹ́ẹ̀. Kó wá iṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti máa rí i.' Mo ní kó wí fún un. Ó ní òun á wí fún un tí inú ẹ̀ bá rọ̀."

*

Inú yàrá tí wọ́n ń kó àga sí ni Adúmáadán wà, àga aláwọ̀ wúrà bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tò gègèrè yí i ká, òun sì jókòó sórí símẹ́ńtì. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, dúdú tó ń dán, apá rẹ̀ nípọn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti há a lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ fa àga kan yọ, ó jókòó. "Kí lo wí fún ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Wọ́n á ti sọ fún yín."

"Láti ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Mo ní kó kú síbẹ̀ pẹ̀lú ògiri ẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá a ṣiṣẹ́, Mà. Mo rò pé ó rí mi bí ọ̀dẹ̀."

Jẹ́jẹ́ sọ ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí fún un, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gbé orí lé orúnkún.

"Kí ló ṣe tí kò wí fún mi?"

"Ó ń dúró dìgbà tí inú ẹ á rọ̀. Sọ bí tòwúrọ̀ yìí ṣe lọ fún mi."

"Mo wà níta, mò ń bá wọn gbé àga Alága. Wọ́n pààrọ̀ àga yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní gbogbo ẹ̀ ló kúrú ju òun lọ. Mo sáré wọlé nígbà tó kù díẹ̀. Ọ̀gá Ohùn, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ orin àti makirofóònù, sọ ọ́ sí mi nínú ẹ̀rọ etí pé, 'Ó yá, ṣí i.' Mo wo ìkọ́."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kódà nínú oorun, mo máa ń wo ìkọ́, Mà. Kò sí fìlà. Mo tẹ̀ ẹ́."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọlé tán, ó há."

"Kí lo wá ṣe?"

Ó gbé ojú sókè. "Mo tún un tẹ̀."

Lóde, ẹnì kan ń fi makirofóònù polówó ìrọ̀rí.

"Mà," ọkùnrin náà wí, "nígbà tó há yẹn, tí mo bá lọ wò ó ni… Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí.

*

Ta ló rán bàbá náà lọ sínú yàrá ògiri? Ìyẹn ni Jẹ́jẹ́ béèrè bó ṣe jáde. Ọ̀gá Gbọ̀ngàn ní òun ò mọ̀. Sájẹ́ǹtì ní ẹnì kan wà tí wọn ò rí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti rí òkú, Ọ̀gá Ohùn. Ara Sájẹ́ǹtì yá gágá. Ó ti ń ronú pé èèyàn méjì lòun máa gbé relé lónìí.

Abẹ́ ìtàgé ni wọ́n ti bá a, láàárín wáyà, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀rọ etí ṣì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Èmi ni mo pa á," ó wí, kí wọ́n tó béèrè.

Sájẹ́ǹtì ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kejì jáde. Jẹ́jẹ́ gbá a lọ́wọ́. "Fara balẹ̀. Pa á báwo?"

"Èmi ni mo rán an. Nígbà tí a ń fi ògiri dánra wò láàárọ̀, irin tó wà nínú yàrá yẹn ń han. Alága ní ó ń dún bí ewúrẹ́, pé ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ ké lórí ọ̀rọ̀ òun. Mo ní, 'Bàbá, ẹ bá wa ta epo sí i.' Ó ní, 'Kò burú.' Mo fojú mi rí i nígbà tó fi fìlà kọ́ ìkọ́. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú."

"O sì ní kí wọ́n ṣí i ní aago mẹ́wàá?"

"Láti ibi tí mò ń jókòó sí nígbà ètò, mi ò lè rí ìkọ́, Mà. Adúmáadán ló ń rí i. Mo mọ̀ pé tí fìlà bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́, kódà kí Alága wó lulẹ̀." Ẹkún gbé e. "Ó máa ń bá mi ṣàwàdà, Mà. Ó ní àwa méjèèjì la gbé gbọ̀ngàn yìí dání, òun gbé ògiri, èmi gbé ariwo."

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì ò lè pa ẹnu mọ́.

"Ó ti bàjẹ́ fún Adúmáadán pátápátá nìyẹn, Mà. Bàbá fi fìlà kọ́ lóòótọ́, ẹlẹ́rìí wà. Fìlà ṣì wà níbẹ̀ báyìí. Kí ló kù?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Jẹ́jẹ́, torí kò rí ibi tí Sájẹ́ǹtì ti ṣìnà. Ó ti kọjá aago mẹ́ta àbọ̀.

*

Ó gbé àga wá síwájú àpótí bọ́tìnnì, ó jókòó, ó ń wo fìlà. Àwọn oníbàárà ń kọjá, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra fìlà.

"Kí lẹ̀ ń wò, Mà?"

"Sájẹ́ǹtì, wo bàtà ẹ."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Bébà wúrà wínníwínní lẹ̀ mọ́ etí bàtà rẹ̀.

"Wo bàtà èmi náà. Wo orí ìtàgé, wo irun ọ̀gá wọn. Wọ́n ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì látàárọ̀, a ṣì ń rí i. Nígbà tí ògiri ń rìn, nǹkan yìí rọ̀ sórí ohun gbogbo tó wà lábẹ́ àjà yìí. Wo fìlà yẹn wá."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Fìlà olówùú ni, irú èyí tí eruku máa ń dì mọ́. Epo wà lára rẹ̀, eruku wà, ṣùgbọ́n kò sí wúrà, kò tiẹ̀ sí ẹyọ kan.

"Bóyá ẹnì kan gbọ̀n ọ́n, Mà."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Jẹ́jẹ́ yọ bírò, ó fi gbé etí fìlà sókè díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, orí àpótí irin náà ń dán yinrinyinrin. Bébà wúrà ti bo gbogbo ibi tí fìlà rọ̀ lé. "Ẹni tó gbọn fìlà, ṣé ó tún bu ti ilẹ̀ wá tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ ni?"

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ fìlà.

"Tí fìlà bá wà níbí ní aago mẹ́wàá," Jẹ́jẹ́ wí, "òun ló yẹ kí wúrà bà lé, kí abẹ́ ẹ̀ mọ́. Òdìkejì là ń wò. Wúrà ti balẹ̀ kí fìlà tó dé. Bàbá fi kọ́ ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹnì kan mú un kúrò. Ògiri rìn. Ẹnì kan dá a padà. Adúmáadán ò parọ́."

"Ọ̀tá bàbá ni, Mà! Ẹni tó mọ òfin, tó fẹ́ kó kú síbẹ̀."

"Ẹni tó mọ òfin, tó sì fẹ́ kó kú, kò ní dá fìlà padà síbi tí ọlọ́pàá á ti rí i. Á sọ ọ́ sínú adágún tó wà lóde yìí." Ó dìde. "Ẹni tó mú fìlà yìí ò mọ̀ pé fìlà ni. Ta ni fìlà ògbólógbòó lè dí lọ́wọ́ láàárọ̀ òní?"

*

Alága wà nínú yàrá ìsinmi tó wà lẹ́yìn ìtàgé, ó ti bọ́ bàtà, ó ń yan fọ́tò lórí fóònù. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró tì í pẹ̀lú ìwé ètò lọ́wọ́, Akọ̀wé Ètò rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ nigínnigín, ṣùgbọ́n ó ti fi eyín jẹ ètè rẹ̀ títí ó fi bó.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ni Alága wí, kò gbójú kúrò lórí fóònù. "Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dùn mí wọra. Pé ọjọ́ mi gan-an ló lọ bọ́ sí."

"Ẹ jẹ́ n wo fọ́tò òní, Sà."

Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sún fún un lórí àga. "Ẹ wo èyí. Ẹ wo bí ọwọ́ yẹn ṣe lọ."

"Ó lọ dáadáa. Èyí tí kò dára dà?"

"Kò sí èyí tí kò dára."

"Èyí tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé jáde, Sà."

Ó rò ó wò, ojú rẹ̀ ro. "Ó ku ẹyọ kan. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà mí kí n mọ ibi tí màá dúró sí. Ẹ wò ó fúnra yín. Ó dà bíi pé ìwo hù sí mi létí."

Alága ló ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà. Nǹkan dúdú kan yọ lẹ́yìn etí òsì rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ìka méjì fà á tóbi: ìkọ́ irin, fìlà dúdú. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni fóònù kọ síbẹ̀.

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Ibì kan náà ni, ẹ̀rín kan náà. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Etí Alága ti mọ́ féfé.

"Ó ti kúrò," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n bá mi mú àkísà yẹn kúrò."

"Ta lẹ sọ fún, Sà?"

Alága ò tíì la ẹnu tí ìwé ètò fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Mi ò mọ̀ pé fìlà èèyàn ni," ó wí. "Mo rò pé nǹkan tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ ni. Mo ká a sínú báàgì mi, mo gbàgbé ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá rí òkú, tí ọkùnrin yẹn ń ké pé kò sí fìlà níbẹ̀, kò sí fìlà níbẹ̀, mo bi ẹnì kan pé fìlà kí ni. Ó ṣàlàyé fún mi." Ó di báàgì rẹ̀ mú. "Gbogbo wọn ti sáré lọ sẹ́nu yàrá yẹn. Kò sẹ́ni tó ń wo ìkọ́. Mo fi í kọ́ padà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé tí mo bá ti dá a padà, á dà bíi pé mi ò mú un rí."

"Ó dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," Jẹ́jẹ́ wí. "Ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń de ọkùnrin yẹn lọ́wọ́?"

"Mo wà níbẹ̀, Mà."

"O ò wí nǹkan kan."

Ọ̀dọ́bìnrin náà bú sẹ́kún. Sájẹ́ǹtì mú un lápá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì mú un, torí ara tirẹ̀ náà ti rọ̀. Alága ń wo ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan.

"Àmọ́ èmi ò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Fọ́tò lásán ni mo ní kí wọ́n tún ṣe. Ṣé orúkọ mi á wọ ìwé yín?"

"Á wọ̀ ọ́, Sà. Fọ́tò yẹn náà á wọ̀ ọ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ní ìwo."

"Háà." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ìyẹn ò fi mí hàn dáadáa o."

*

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Opó náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àga, ibi tó ti dúró látọ̀sán, kò wọlé, kò sì lọ. Jẹ́jẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fìlà, fọ́tò, wúrà. Obìnrin náà ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Nítorí fọ́tò," ó wí.

"Nítorí fọ́tò, Màmá."

"Kò mọ̀."

"Kò mọ̀. Ó wo ìkọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́."

Fóònù Jẹ́jẹ́ dún. Dókítà tó yẹ òkú wò ni. Ó gbé e sétí, ṣùgbọ́n ariwo ìpàtẹ pọ̀, ó ní láti ṣí i kó máa dún sóde. Opó náà ò kúrò níbẹ̀.

"Dókítà, ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀. Ògiri yẹn há, wọ́n tún un tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ló kú ni, àbí ìkejì?"

"Mi ò lè sọ, Mà. Ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Ká sòótọ́, mi ò rò pé a máa mọ̀ ọ́n láéláé."

"Ẹ ṣeun."

Wọ́n wọlé. Sájẹ́ǹtì tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò lè wo ojú ẹni tó ń tú sílẹ̀. Adúmáadán ò dìde. Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé fìlà ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ó sọ ẹni tó mú un àti ìdí tó fi mú un. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn ìlú òkèèrè fún.

"Àti ìkejì ńkọ́?" ó wí. "Èyí tí mo tún tẹ̀. Ẹ ní ẹ ò tíì mọ̀."

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga, kí ojú wọn lè dọ́gba.

"Mo ti mọ̀ báyìí," ó wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ ni. Kó tó há ló ti lọ. Dókítà ló sọ ọ́."

Adúmáadán wo ojú rẹ̀, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. Ó yí ojú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí láti kékeré rẹ̀, òun nìkan ni kì í tàn án jẹ.

Obìnrin náà sún mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Etí mi méjèèjì ló ṣe."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó sunkún. Ó sunkún bí ọmọ ọdún méje, àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, èjìká ń gbọ̀n. Obìnrin náà dúró tì í títí ó fi rọlẹ̀, kò ní kó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú fún un, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá, ó fà á dìde.

"Apá orí ni kí o gbé, Adúmáadán," ó wí. "Èmi á gbé ẹsẹ̀."